Àlejò tí a kò pè: ẹ kà á kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí á fi ìtàn kan bẹ̀rẹ̀. Àwa ni a ro ìtàn náà fúnra wa, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo tí kọ̀ǹpútà bá wà.

Ní ìlú Kétu, àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń ṣe gàrí tà dá ẹgbẹ́ àjọ sílẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà jẹ́ ìyá kan tó kọ́ ìwé kíkà ní èdè Yorùbá lẹ́yìn tí ó ti bí ọmọ mẹ́rin. Nígbà tí owó àjọ ń pọ̀ sí i, ẹgbẹ́ ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, kí akọ̀wé lè máa kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan àti iye tí ó dá sínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, oníbàárà kan fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà kò lè ṣí ìwé náà. Akọ̀wé wá prógíráàmù ọ̀fẹ́ kan tí ó lè ṣí i, ó sì rí i. Bí ó ti fẹ́ fi í sórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè. Ní ìsàlẹ̀ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, bọ́tìnì kan wà tí wọ́n kọ «Suivant» sí. Ó tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè mìíràn jáde, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ó tẹ̀ ẹ́ láì ka ohun tí wọ́n kọ sókè rẹ̀. Ìwé náà ṣí. Inú rẹ̀ dùn, ó pa ẹ̀rọ, ó gba ọjà lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tan ẹ̀rọ. Ojú ìwé tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Òmíràn tí kò mọ orúkọ rẹ̀ ti gba ipò rẹ̀. Lókè, ìlà kan tó nípọn ti fara hàn, àwòrán kéékèèké kún inú rẹ̀. Nígbà tí ó béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀gẹ́, ìpolówó ọjà ni ó kọ́kọ́ rí. Ó dá ojú ìwé àtijọ́ padà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, àlejò náà ti tún padà dé. Lẹ́yìn náà, ìkìlọ̀ pupa kan bẹ́ jáde: «Ẹ̀rọ yín ń ṣàìsàn. Ẹ pe nọ́ńbà yìí kíákíá.»

Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Owó ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ náà. Àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ ti ń kùn pé ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ ìbá ti tó, pé kí ni àgbàlagbà ń wá nídìí kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé da aṣọ bo ẹ̀rọ. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò fọwọ́ kàn án.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń tún tẹlifóònù ṣe ní Àjàṣẹ́ wá kí wọn nílé. Ó wo ẹ̀rọ náà, kò bá ìyá wí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi í:

«Ìyá, kí ni ẹ kà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́?»

Ìyá dáhùn pé: «Ọmọ mi, ṣé ó yẹ kí n kà á ni?»

Inú ìbéèrè yìí ni ọ̀rọ̀ wa ti òní wà.

Kí ni àlejò yìí?

Prógíráàmù tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà ni a ń pè ní aṣàwákiri. Àwọn elédè Faransé ń pè é ní «navigateur». Chrome, Firefox àti Edge jẹ́ aṣàwákiri. Ó dà bí fèrèsé tí a gbà ń wo ìta. Àwa tí a ni ilé ni ó yẹ kí á yan ibi tí fèrèsé wa yóò kọjú sí: ojú ìwé tí yóò kọ́kọ́ ṣí, àti ibi tí a ó ti máa ṣe ìwádìí.

Ìlà irinṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní «barre d'outils» ní èdè Faransé, jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn fi kún fèrèsé yìí. Ó máa ń wà ní òkè, pẹ̀lú àwọn bọ́tìnì kéékèèké àti àyè tí a lè kọ ìbéèrè sí. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó burú. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń wọlé láìjẹ́ pé a mọ̀. Bí wọ́n bá ti wọlé, wọ́n á yí ojú ìwé àkọ́kọ́ padà, wọ́n á yí ibi ìwádìí padà, wọn kò sì ní fẹ́ jáde. Ilé ṣì jẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n àlejò ti jókòó sórí àga baba ilé.

Nígbà tí ó jẹ́ àlejò tí a pè

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìlà irinṣẹ́ wúlò. Ní oṣù kejìlá ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Google gbé tirẹ̀ jáde fún Internet Explorer, aṣàwákiri tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò nígbà náà. Ní àkókò yẹn, ẹni tó bá fẹ́ wádìí nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ojú ìwé ibi ìwádìí. Ìlà irinṣẹ́ gé ọ̀nà náà kúrú, nítorí àyè ìwádìí ti wà lókè nígbà gbogbo. Lẹ́yìn náà, ó tún ń dí àwọn ìpolówó ọjà tó ń bẹ́ jáde lójijì. Àwọn ènìyàn fúnra wọn ni wọ́n lọ mú un.

Nígbà tí ó yá, àwọn aṣàwákiri fúnra wọn ní àyè ìwádìí. Ìlà irinṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Google pa tirẹ̀ tì ní ọdún 2021. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà yẹn, àwọn mìíràn ti rí i pé owó ńlá wà nínú rẹ̀.

Ta ni ó ń jẹ èrè?

Bí a bá béèrè nǹkan ní ibi ìwádìí, ìpolówó ọjà máa ń jáde pẹ̀lú ìdáhùn. Bí a bá tẹ ìpolówó náà, oníṣòwò tó ni í yóò san owó fún ẹni tó ni ibi ìwádìí. Ẹni náà lè pín owó yìí pẹ̀lú ẹni tó mú wa wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá lè yí fèrèsé ọ̀pọ̀ ènìyàn sí ọ̀nà tirẹ̀ yóò máa gba owó díẹ̀díẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Ó dà bí ẹni tó gbé igi dí ọ̀nà ọjà, tó wá la ọ̀nà mìíràn gba iwájú ìsọ̀ tirẹ̀. Kò jí ẹrù ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń lọ sí ọjà gbọ́dọ̀ kọjá níwájú rẹ̀, ẹni tó rẹ̀ yóò sì rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe ìlà irinṣẹ́ mọ̀ pé bí wọ́n bá bi wá gbangba pé ṣé a fẹ́ ẹ, púpọ̀ nínú wa yóò kọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n lọ bá àwọn tó ń pín prógíráàmù ọ̀fẹ́, wọ́n ní: «Ẹ jẹ́ kí tiwa bá tiyín wọlé, a ó san owó fún yín lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.» Prógíráàmù tí ìyá Kétu pè ní ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ìyá kò san owó, ṣùgbọ́n wọ́n ti ta ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Àpótí kékeré tí wọ́n ti fi àmì sí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ibo ni ògiri ti lanu?

Ẹ wo ọ̀ràn Java. Java jẹ́ prógíráàmù tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà nílò láti ṣe àwọn iṣẹ́ kan. Láti ọdún 2010 ni ó ti wà lọ́wọ́ Oracle, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Fún ọdún mélòó kan, ẹni tó bá ń fi Java sórí ẹ̀rọ rẹ̀, tàbí tó ń sọ ọ́ di ọ̀tun, máa ń rí àpótí kékeré kan lójú ẹ̀rọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, wọ́n kọ ọ́ pé kí ìlà irinṣẹ́ Ask bá a wọlé. Wọ́n ti fi àmì sínú àpótí náà ṣáájú kí onílé tó dé ibẹ̀. Bí onílé bá tẹ «Suivant» láì pa àmì náà rẹ́, ó ti gbà nìyẹn. Kì í ṣe pé ó sọ pé òun fẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun kò fẹ́.

Àwọn tó yẹ ọ̀ràn yìí wò ní ọdún 2013 rí ohun kan tó yani lẹ́nu. Lẹ́yìn tí Java bá ti wọlé tán, ìlà irinṣẹ́ náà á dúró fún ìṣẹ́jú 10 kí ó tó fi ara rẹ̀ sílé. Ẹni tó bá sáré wo àkọsílẹ̀ àwọn prógíráàmù orí ẹ̀rọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kò ní rí i níbẹ̀. Yóò rò pé ewu ti kọjá. Ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ Microsoft ka àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ìlà irinṣẹ́ Ask mọ́ àwọn prógíráàmù tí kò yẹ kí ó wà lórí ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n kúrò.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ ńlá kò tó láti fi ọkàn balẹ̀. Ibi tí gbogbo ayé mọ̀ ni Java ti wá, síbẹ̀ àlejò wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn mìíràn tún le ju èyí lọ. Ilé-iṣẹ́ Conduit ti orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì ní prógíráàmù kan tó ń jẹ́ Search Protect. Orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ó ń dáàbò bo ìwádìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó gbìyànjú láti dá ibi ìwádìí wọn padà rí i pé ó tún ń yí i sí ibi tí òun fẹ́. Ó ń ṣọ́ ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n onílé ni ó ń ṣọ́.

Ẹ̀rọ tuntun pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ewu yìí. Ní apá ìparí ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ Lenovo ta àwọn kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ti fi prógíráàmù Superfish sí láti ilé-iṣẹ́. Prógíráàmù yìí ń ki ìpolówó ọjà bọ inú ojú ìwé tí ènìyàn ń wò. Èyí tó burú jù ni pé ó ba àgádágodo tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ àárín ènìyàn àti báńkì rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí àṣírí náà tú ní oṣù kejì ọdún 2015, Lenovo gbé irinṣẹ́ kan jáde láti fi yọ ọ́ kúrò.

Kí ni a lè pàdánù?

Ẹnìkan lè sọ pé: «Ojú ìwé kan ni ó yí padà. Kí ni ó burú nínú ìyẹn?» Ohun mẹ́ta ni ó burú níbẹ̀.

Èkíní, ẹ̀rọ máa ń lọ́ra. Ẹni tó ń ra íntánẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀ ń sanwó fún ìpolówó ọjà tí kò pè.

Èkejì, àlejò náà lè máa kọ gbogbo ohun tí a ń wá sílẹ̀: àìsàn tí a béèrè nípa rẹ̀, ọjà tí a fẹ́ rà, ìlú tí a ń gbé. Ní Benin, òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní «Code du numérique», òfin nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018. Ó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ara wa, ó sì ka ìyọ̀ǹda wa sí pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bọ́tìnì tí a tẹ̀ láì kà á ni wọn yóò tọ́ka sí lọ́la pé a ti yọ̀ǹda.

Ẹ̀kẹta, àlejò yìí lè fi ọ̀nà han olè. Ìpolówó tó ń mú wá lè gbé wa lọ sí ojú ìwé èké tó jọ ti báńkì, tàbí tó ń béèrè nọ́ńbà àṣírí tí a fi ń gba owó lórí tẹlifóònù. Ìkìlọ̀ pupa tí ìyá Kétu rí jẹ́ ọ̀kan nínú irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ tòótọ́ tó ń fi ìkìlọ̀ sójú ẹ̀rọ pé kí a pe nọ́ńbà kan kí a sì sanwó. Ẹ má ṣe pe nọ́ńbà náà. Ẹ pa aṣàwákiri dé.

Bí a ṣe ń lé e jáde

Ẹ má ṣe bẹ̀rù. Kò di dandan kí á ra ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ tẹ̀lé àwọn ìgbésẹ̀ yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows. Bí ojú ẹ̀rọ yín bá yàtọ̀ díẹ̀, ẹ wá ọ̀rọ̀ tó jọ èyí tí a kọ síbí.

1. Ẹ ṣí «Paramètres», kí ẹ tẹ «Applications». Ẹ ó rí orúkọ gbogbo prógíráàmù tó wà lórí ẹ̀rọ, àti ọjọ́ tí wọ́n wọlé. Ẹ wo àwọn tó wọlé ní ọjọ́ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ẹ kò mọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí kò bá wúlò, ẹ tẹ «Désinstaller». Ẹ ka ìbéèrè tó bá jáde dáadáa, nítorí àwọn kan máa ń yí ìbéèrè po kí ẹ lè fi wọ́n sílẹ̀.

2. Ẹ ṣí aṣàwákiri. Nínú Chrome, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè ní apá ọ̀tún, kí ẹ wá «Extensions». Àwọn àfikún tí wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣàwákiri ni wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ tẹ «Supprimer» lórí èyí tí ẹ kò fi síbẹ̀.

3. Nínú «Paramètres» ti aṣàwákiri, ẹ wá «Moteur de recherche», kí ẹ yan ibi ìwádìí tí ẹ fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá «Au démarrage», kí ẹ yan ojú ìwé tí yóò máa kọ́kọ́ ṣí.

4. Bí àlejò bá tún padà, ẹ wo àwòrán kékeré tí ẹ ń tẹ̀ láti ṣí aṣàwákiri. Àwọn kan máa ń fi ara pamọ́ síbẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan «Propriétés», kí ẹ ka ohun tó wà níwájú «Cible». Fún Chrome, «chrome.exe» ni ó yẹ kí ó parí rẹ̀. Bí ẹ bá rí àdírẹ́ẹ̀sì ojú ìwé kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pa àdírẹ́ẹ̀sì náà nìkan rẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sọ pé àwọn lé e, ó tún padà.

5. Bí ó bá ṣì kù, ẹ dá aṣàwákiri padà sí bí ó ṣe wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Nínú «Paramètres» ti Chrome, ẹ wá ọ̀rọ̀ náà «Réinitialiser». Nínú Firefox, ẹ ṣí «Aide», lẹ́yìn náà «Plus d'informations de dépannage», kí ẹ tẹ «Réparer Firefox». Àwọn ojú ìwé tí ẹ ti fi pamọ́ kò ní sọnù.

6. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní AdwCleaner. Wọ́n ṣe é ní ọdún 2011 láti máa lé irú àwọn àlejò báyìí. Láti ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Malwarebytes ni ó ni ín. Orí ojú ìwé Malwarebytes fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti gbà á, nítorí àwọn ẹlẹ́tàn máa ń fi orúkọ rere bo ọjà burúkú.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá mọ́ tán, ẹ yí àwọn ọ̀rọ̀ àṣírí yín padà, pàápàá ti báńkì.

Ẹni tó ń lo tẹlifóònù ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní kọ̀ǹpútà, tẹlifóònù ni a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlà irinṣẹ́ kò wọ́pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn kan náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ mìíràn. Bí a bá ṣí ojú ìwé kan, ìbéèrè á jáde pé ṣé kí ojú ìwé náà máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí wa. Bọ́tìnì méjì ni ó wà níbẹ̀: «Autoriser» àti «Bloquer». Bí a bá yára tẹ «Autoriser», ìpolówó ọjà àti ìkìlọ̀ èké lè bẹ̀rẹ̀ sí í dé tọ̀sán tòru, títí kan ìgbà tí a kò bá ṣí aṣàwákiri.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ ṣí «Paramètres» nínú Chrome orí tẹlifóònù, kí ẹ wá «Notifications». Ẹ ó rí orúkọ àwọn ojú ìwé tí ẹ ti fún láyè. Ẹ gba àyè náà padà lọ́wọ́ èyí tí ẹ kò bá mọ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí ó yẹ kí á lẹ̀ mọ́ ògiri

Èdè Faransé ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń sọ ní ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá ti lè ka Yorùbá ti mọ lẹ́tà. Àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ yìí ni ó kù fún un. Ẹ gé e, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹ̀rọ yín wà.

«Suivant»: ẹ máa bọ̀ níwájú. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ka gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀.
«Accepter»: mo gbà.
«Refuser»: mo kọ̀.
«Ignorer»: ẹ fo èyí kọjá.
«Installation rapide»: àwọn ni wọn yóò yan ohun gbogbo fún mi.
«Installation personnalisée»: èmi ni n ó yan ohun tí mo fẹ́. Ẹ yan èyí nígbà gbogbo, nítorí níbẹ̀ ni àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n ti fi àmì sí ti máa ń hàn.
«Autoriser»: mo fún un láyè.
«Bloquer»: mo dí i lọ́nà.
«Désinstaller»: mo yọ ọ́ kúrò.
«Réinitialiser»: mo dá a padà sí bí ó ṣe wà ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Kétu

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá lé àlejò náà jáde tán, ó tún yọ prógíráàmù tó mú un wá. Ó wá ní: «Ìyá, ó kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ gbà á padà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí ẹ ń kà.»

Ìyá fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó kà á jẹ́jẹ́, ó ń pè é ní sílébù-sílébù bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé-ìwé àgbà. Nígbà tí ó dé ibi tí wọ́n ní kí ó yan, ó yan «Installation personnalisée». Àpótí méjì jáde, àmì ti wà nínú méjèèjì. Ó pa àmì àkọ́kọ́ rẹ́. Ó pa èkejì rẹ́. Nígbà náà ni ó tó tẹ «Suivant».

Ohun tí ó fi ìṣẹ́jú kan ṣe ní ọjọ́sí, ó fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ ṣe é lọ́jọ́ yìí. Ìwé oníbàárà ṣí. Ojú ìwé àkọ́kọ́ kò yí padà. Ní ọjọ́ kejì, kò yí padà. Nígbà tí ẹgbẹ́ pàdé ní ọ̀sẹ̀ yẹn, akọ̀wé gbé ẹ̀rọ síwájú wọn, ó sì ka iye owó ẹnì kọ̀ọ̀kan jáde láti inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń kùn béèrè pé níbo ni wọ́n ti ń kọ́ irú ìwé kíkà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn tó ń ṣe àlejò tí a kò pè gbẹ́kẹ̀ lé ohun kan ṣoṣo: pé a kò ní kà á. Wọ́n mọ̀ pé ọmọwé tó ń kánjú kò ní kà á, wọ́n sì rò pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kò ní lè kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kì í fo ọ̀rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń kà á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn pẹ̀gàn yín. Ẹ kà á bí ẹ ṣe ń kà á, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.